Ọdún Tí Bàbá Àgbà Ti Ajílẹ̀ Mọ́lé

Ilé bàbá mi àgbà ní Òmù-Àrán máa ń rùn fún ìgbẹ́ màálù. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn ẹni mímọ́ ni mo fẹ́ sọ. Jòṣúà ni orúkọ tí ṣọ́ọ̀ṣì sọ ọ́. Bàbá Dáníẹ́lì ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é, nítorí bàbá mi tí í ṣe àkọ́bí wọn. Ṣùgbọ́n láti ọjà títí dé oko, Bàbá Ajílẹ̀ ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí ni a sin ín. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí, nítorí pé bàbá mi ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní Ìlọrin, ìyá mi sì ti kú. Ohun tí mo rántí nípa rẹ̀ kò tò tẹ̀léra. Bí wọ́n ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mo ń kọ wọ́n.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni òkìtì ìgbẹ́ náà wà. Ìgbẹ́ màálù, ìgbẹ́ ewúrẹ́, eérú, háhá àgbàdo, ewé tí a gbá nílẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. Yóò máa fi ọkọ́ yí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè títí yóò fi jẹrà, tí yóò dúdú, tí kò ní rùn mọ́. Kì í gbé ìgbẹ́ tútù lọ sóko, ó ní ó máa ń jó irúgbìn. Bí òjò bá sì ti ń súnmọ́, yóò lọ pa koríko bẹẹrẹ, yóò fi bo òkìtì náà bí ẹni tó ń kọ́lé fún àlejò.

Ìyá àgbà kò fẹ́ràn òkìtì yìí. Ìjà wọn lórí rẹ̀ pẹ́ ju ọjọ́ orí mi lọ. Mo rántí ọdún kan tí òrùlé ilé ìdáná ń jò, tí Ìyá àgbà sì jókòó ti ààrò rẹ̀ pẹ̀lú agbada lórí, tó ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń to bẹẹrẹ sórí ìgbẹ́.

"Bàbá Dáníẹ́lì," ó ní, "ìgbẹ́ yín ti ní òrùlé. Èmi ńkọ́?"

Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Òjò tó bá rọ̀ sínú ọbẹ̀ rẹ, ńṣe ni ọbẹ̀ ń pọ̀ sí i. Èyí tó bá rọ̀ sórí ìgbẹ́ mi, agbára rẹ̀ ló ń gbé lọ."

Ó tún òrùlé ilé ìdáná náà ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. Ìgbẹ́ ló kọ́kọ́ bò.

Mo ṣì kéré púpọ̀ nígbà tí a gba òmìnira, nítorí náà Ìyá àgbà ló sọ ti ọjọ́ yẹn fún mi. Wọ́n fún àwọn ọmọ iléèwé ní àsíá, wọ́n se ìrẹsì, gbogbo ìjọ wọ aṣọ tó dára jù lọ lọ sí pápá. Bàbá àgbà ní òun ń bọ̀ bí òun bá yí òkìtì òun tán. Nígbà tó máa fi dé, wọ́n ti kọrin tán, ìrẹsì sì ti tán. Àlùfáà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í bóyá inú rẹ̀ kò dùn sí òmìnira ni.

"Inú mi dùn gan-an, sà," ni Bàbá àgbà wí. "Ṣùgbọ́n a ṣì máa jẹun lọ́la."

Bákan náà ló ṣe ń bá Béllò lò. Fúlàní ni Béllò, ó máa ń da màálù rẹ̀ gba apá ọ̀dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn á lé e jìnnà sí oko wọn, wọn kò sì jẹ̀bi tán, nítorí màálù ti jẹ iṣu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n Bàbá àgbà yóò dúró dè é lójú ọ̀nà. Bí a bá ti kórè tán, yóò jẹ́ kí Béllò so àwọn màálù náà mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ tí a fẹ́ gbin àgbàdo sí lọ́dún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti sùn síbì kan fún ìgbà díẹ̀, wọn á ṣí wọn lọ síbòmíràn, kí ìgbẹ́ lè kárí ilẹ̀. Iṣu àti ọkà bàbà ni Bàbá àgbà fi ń dúpẹ́. Tí ó bá débẹ̀ láàárọ̀, àwọn màálù ni yóò kọ́kọ́ kí: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Béllò a sì máa rẹ́rìn-ín. Ó bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó fi ń kí ẹran ṣáájú ènìyàn.

"Lébìrà mi ni wọ́n," ó ní. "Orí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́."

Mo sọ àwọn èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó jẹ́ kí ajílẹ̀ òyìnbó tó dé. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ tí ogun abẹ́lé sì ti parí, ọkọ̀ àgíríkì, iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ajílẹ̀ oníhóró wá fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa. Ó funfun, ó wẹ́ bí iyọ̀. Àwọn kan bẹ̀rù rẹ̀. Bàbá àgbà kò bẹ̀rù ohunkóhun nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tó rí àádùn. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó da ìgbẹ́ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó tún wá da ajílẹ̀ oníhóró lé e lórí lọ́jọ́ tó ń gbìn, gbogbo èyí tí wọ́n fún un, láti òkè oko títí dé etí odò Ẹlẹ́ja tó gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wa kọjá. Àgbàdo náà ga ju ènìyàn lọ. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Àwọn ènìyàn ń wá wò ó láti Ẹ̀sìẹ́. Afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo ló fẹ́, ìdajì rẹ̀ sì sùn sílẹ̀ gbalaja, nítorí pé igi rẹ̀ ga ju agbára gbòǹgbò rẹ̀ lọ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nígbà tí òjò dá díẹ̀, Ìyá àgbà lọ pọnmi ní Ẹlẹ́ja, ó sì gbé ìkòkò òfìfo bọ̀. Ohun aláwọ̀ ewé kan ti bo ojú omi, ó ń yọ̀ bí ilá. Àwọn ẹja kéékèèké ti kú, wọ́n léfòó. Omi yẹn sì ni abúlé oko méjì ń mu.

Bàbá àgbà bínú. Ó ní àwọn tó ń fọ aṣọ lókè odò ni, tàbí àwọn tó ń fi oró pa ẹja. Ó mú igbá méjì, ó ní òun ń lọ wá wọn. Èmi bá a lọ lọ́jọ́ yẹn nítorí pé ìsinmi ni mo wà, láti iléèwé àwọn olùkọ́. A rìn gba ẹ̀bá odò lọ sókè títí a fi kọjá ààlà oko wa. Níbẹ̀, omi mọ́ kedere. Ènìyàn lè ka òkúta inú rẹ̀. Ó bu omi sínú igbá kan. A padà wá sísàlẹ̀ oko wa, ó bu ti ibẹ̀ sínú èkejì. Ó gbé igbá méjèèjì kalẹ̀, ó jókòó síwájú wọn. Mo rò pé yóò wá àwáwí mìíràn.

"Àṣàkẹ́," ó pè mí, "ẹni tí mo ń wá, èmi ni."

Ọ̀gá àgíríkì tó ń bójú tó apá ọ̀dọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Òrò kan tó ní sùúrù, ló wá là á yé e. Ó bá a rìn yí oko náà ká, ó ní: "Bàbá, àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kò lè mu gbogbo ohun tí ẹ fún un. Èyí tí kò bá mu, ọ̀gbàrá á gbé e lọ sódò. Ilẹ̀ tí ẹ ti fún ní ìgbẹ́, ẹ dín ajílẹ̀ rẹ̀ kù. Ẹ jẹ́ kó dé orúnkún kí ẹ tó fún un ní díẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ìyókù nígbà tó bá kù díẹ̀ kó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ bò ó. Ẹ má sì ṣe é nígbà tí òjò ńlá bá ṣú." Bàbá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó béèrè ìbéèrè títí ọmọkùnrin náà fi jókòó. Láti ọjọ́ náà ló ti ní gbólóhùn tó fi ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn: "Ẹnìkan kì í gbé iyán fún ọmọ ọwọ́."

Lọ́dún kan náà, ó fa àgbàdo etí odò tu. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀ ti lọ́ràá jù. Ó gbin eèsún sí i, kí koríko gíga yẹn lè máa dá ọ̀gbàrá dúró kó tó wọnú omi. Béllò ń gé eèsún náà fún àwọn ọmọ màálù. Ìyá àgbà ní ọkọ òun ń fi ilẹ̀ tó dára jù bọ́ ẹran ẹlẹ́ran. Ó ń gbin eèsún rẹ̀ lọ.

Báyìí ni mo ṣe dé ọdún tí ó ti ajílẹ̀ mọ́lé.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ti fi í ṣe olùtọ́jú ajílẹ̀, nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í jalè. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń kó àpò sí, òun ló sì ń di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú. Lọ́dún yẹn, ọkọ̀ àgíríkì pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, òjò ti ń rọ̀ ní gbogbo ìgbà, àgbàdo ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé méjì mẹ́ta ni. Gbogbo wọn fẹ́ gba tiwọn kí wọ́n sì fọ́n ọn lójú ẹsẹ̀, kí iṣẹ́ náà lè kúrò lọ́rùn wọn. Bàbá àgbà wo ojú ọ̀run, ó wo oko, ó sì sọ fún wọn pé òun kò ní ṣílẹ̀kùn títí àgbàdo yóò fi dé orúnkún, tí òjò yóò sì fà sẹ́yìn díẹ̀.

Bàbá Láyíwọlá ló kó àwọn àgbẹ̀ wá sílé wa. Ẹgbẹ́ Bàbá àgbà ni, wọ́n jọ ṣe ìrìbọmi ni. Oko rẹ̀ wà ní òdìkejì odò.

"Jòṣúà," ó ní, "a fi ọ́ ṣọ́ ilé ni. A kò fi ọ́ jọba."

"Mo mọ̀."

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá, nígbà náà."

"Bí mo bá mú un wá lónìí, ẹ ó fọ́n ọn lọ́la, òjò á rọ̀ lọ́túnla, Ẹlẹ́ja ló máa jẹ ẹ́."

"Ṣé Ẹlẹ́ja ni ìyàwó rẹ ni?" ni ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́jà pé ó fẹ́ tà á ni, pé àwọn Tápà kan ń bọ̀ láti Ṣàrẹ́ wá kó o. Àwọn tó ń kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì dín kù. Ìyá àgbà ń sunkún ní ilé ìdáná, kò fẹ́ kí n rí i.

Èmi náà kò fara mọ́ ohun tó ń ṣe, mo sì sọ fún un. Mo ní: "Bàbá àgbà, ajílẹ̀ wọn ni. Bí wọ́n bá fẹ́ dà á sódò, ẹrù wọn ni wọ́n dà nù."

Ó wò mí. Kò bínú. "Ajílẹ̀ ni tiwọn," ó ní. "Odò kì í ṣe tiwọn."

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni Ìyá Rábí dá nìkan wá. Opó ni, oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Imọ́lé ni, àwa ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń jẹ sààrì nílé rẹ̀ nígbà ààwẹ̀, a máa gba tiwa, bí a bá sì ṣe Kérésì, tirẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń bù. Ó kúnlẹ̀, ó kí Bàbá àgbà, kò sì pariwo.

"Bàbá Dáníẹ́lì, òjò àkọ́rọ̀ ni mo fi gbìn, ẹ̀yin náà mọ̀. Tèmi ti kọjá orúnkún. Ẹ fún mi ní tèmi nìkan."

Mo mọ̀ pé òtítọ́ ló sọ. Bàbá àgbà pẹ̀lú mọ̀. Ó ti rí àgbàdo náà lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mi orí. "Bí mo bá ṣí i fún ọ, mo ti ṣí i fún gbogbo wọn. Fara dà á díẹ̀." Ó dìde, ó dúpẹ́, ó lọ.

Òjò náà rọ̀. Irú òjò tí í ya ebè palẹ̀, tí í wó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹlẹ́ja kún kọjá eèsún. Kò sí ẹni tí kò rí i pé bí wọ́n bá ti fọ́n ajílẹ̀ sílẹ̀ ni, kò sí ohun tí ì bá kù níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀dá díẹ̀ wá, Bàbá àgbà ṣílẹ̀kùn, ó pín in bí wọ́n ṣe kọ orúkọ, kò sí àpò kan tó sọnù. Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n bò ó. Àgbàdo wọn ṣe dáadáa, omi odò sì mọ́. Àwọn kan wá tọrọ àforíjì. Bàbá Láyíwọlá kò wá. Ó ní bí wọ́n bá fún òun lákòókò ni, ti òun ì bá dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àgbàdo Ìyá Rábí ti dúró de ajílẹ̀ pẹ́ jù. Ewé rẹ̀ ti ń pọ́n láti ìsàlẹ̀. Nígbà tó fi rí i gbà, ìrùkẹ̀rẹ̀ ti yọ, kò wúlò mọ́. Ọmọ àgbàdo náà kéré bí àtàǹpàkò, hóró rẹ̀ kò sì kún.

Bàbá àgbà lọ wò ó, èmi náà bá a lọ. Ìyá Rábí ń roko láàárín rẹ̀. Ó nà ró, ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Bàbá Dáníẹ́lì," ó ní, "lọ́dún tó kọjá, òjò ló gbé ti àwọn ènìyàn lọ. Tèmi lọ́dún yìí, ẹ̀yin lẹ gbé e lọ."

N kò tíì rí Bàbá àgbà kó ṣí fìlà fún obìnrin rí. Ó ṣí i lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Mo jẹ̀bi rẹ. Mo rí i, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i." Kò mẹ́nu kan odò, kò mẹ́nu kan òjò. Nígbà tí ìkórè dé, ó ní kí Ìyá Rábí wọ oko wa, kó kórè níbi tó bá wù ú. Ìyá Rábí wọlé, ó rìn yí i ká bí ẹni tó wá ra ilẹ̀, ó sì yan apá òkè, níbi tí màálù Béllò ti sùn pẹ́ jù, tí ọmọ àgbàdo tóbi jù. Ìyá àgbà fa Bàbá àgbà lẹ́wù.

"Ṣé ẹ rí ibi tó mú?"

"Mo rí i," ó ní. "Ó mọ àgbàdo."

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì. Ó sọ ohun tó ṣe sí Ìyá Rábí lójú gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀. Ó ní kò yẹ kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ ẹnìkan mọ́. Ó ní kí ẹni tí àgbàdo rẹ̀ bá ti tó máa mú ẹlòmíràn lọ wò ó, kó sì wá gba tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó má dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbà. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀ wọ́n pé kí gbogbo ẹni tí oko rẹ̀ kan Ẹlẹ́ja fi etí odò sílẹ̀ fún koríko. Ìyẹn ni wọn kò gbà. Bàbá Láyíwọlá ní òun kò ní gé ilẹ̀ àwọn baba òun fún eèsún. Ọ̀rọ̀ náà gba ọdún púpọ̀. Bàbá àgbà kò jà mọ́ lórí rẹ̀. Ńṣe ló máa ń gé ìdí eèsún, tí yóò dì í, tí yóò gbé e sí ojú ọ̀nà oko ẹni tí kò tíì gbìn ín. Àwọn kan gbìn ín. Àwọn kan sọ ọ́ nù, á tún gbé òmíràn wá. N kò mọ ọdún tí Bàbá Láyíwọlá gbin tirẹ̀. Mo kàn rí i lọ́jọ́ kan pé òdìkejì odò náà ti di eèsún.

Ó darúgbó. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé oko. Nígbà náà, mo ti ń kọ́ni ní Òmùpo, mo sì máa ń wá ní ìsinmi. Ajílẹ̀ ti wọ́pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fọ́n ọn bí ẹni ń fọ́n iyanrìn. Ó máa ń gbọ́ nípa rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìgbà kan tí mo bi í bóyá ó dùn ún, ó ní: "Wọ́n á rí i. Èmi náà, mo ní láti fi igbá méjì bu omi kí n tó rí i."

Ó kú lórí ibùsùn rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kún lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀. Ìyá Rábí jókòó sí ìta lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn obìnrin Imọ́lé, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ó jẹ́ oníwà tútù, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Èmi àti bàbá mi wo ara wa.

Nígbà tí àlùfáà fẹ́ parí ìsìn náà, Bàbá Láyíwọlá na ọ̀pá rẹ̀ sókè. Ẹ̀rù bà wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní láti dì í mú kó tó lè dìde.

"Ẹ má parọ́ mọ́ ọn," ó ní. "Jòṣúà kì í ṣe oníwà tútù. Olórí kunkun ni. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ajílẹ̀ mi, mo sì sọ ọ́ lọ́jà pé olè ni. Èmi ni mo sọ ọ́. N kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà kò tọrọ lọ́wọ́ mi. A wà bẹ́ẹ̀ títí di òní."

A rò pé ó ti parí. Ó mí, ó tún gbá ọ̀pá mú.

"Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wẹ̀ nínú odò yẹn."

Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín, nítorí pé kì í ṣe àdúrà. Àlùfáà pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé, ó ní kí àwọn tó máa gbé pósí wá síwájú.